Ta ni ó ń ṣọ́ ọkọ̀ lóru?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi ọkọ̀ ìgbafẹ́ rìn lórí òkun Mẹditaréníà gbà pé bí ọkọ̀ bá ti wọ apá òkun tí ó ya wọ inú ilẹ̀, tí òkè yí i ká, tí ìdákọ̀ró sì ti dé ìsàlẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí. Wọn a jẹun, wọn a mu ọtí, wọn a pa iná, oníkálùkù a sì wá ibùsùn rẹ̀ lọ. Ìgbàgbọ́ yìí tọ́ sí àyẹ̀wò, nítorí pé ó ń fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2024, ọkọ̀ ìgbòkun ńlá kan tí ń jẹ́ Bayesian, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 56, tí òpó ìgbòkun rẹ̀ sì ga ju mítà 70 lọ, kúrò níwájú ìlú Cefalù ní erékùṣù Sísílì, ó lọ sá sí Porticello, lẹ́bàá Palermo. Ìdí tí ó fi lọ bọ́gbọ́n mu. Àwọn tí ń wo ojú ọjọ́ ti sọ pé ìjì ń bọ̀ láti ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ ìhà Porticello yóò sì dí i. Kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ tó lù, ìdákọ̀ró ti wà nísàlẹ̀. Ènìyàn 22 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, 7 nínú wọn ti kú, Mike Lynch, oníṣòwò kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ọmọbìnrin rẹ̀ sì wà lára wọn. Ìjì tí wọ́n ń sá fún bá wọn níbi tí wọ́n sá sí.

Ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń wádìí jàǹbá orí omi gbé ìròyìn àkọ́kọ́ jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn náà, ọ̀gá ọkọ̀ fi àṣẹ sílẹ̀ kí wọ́n jí òun bí afẹ́fẹ́ bá ju nǹkan bí kìlómítà 37 ní wákàtí kan lọ, tàbí bí ìdákọ̀ró bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ní aago mẹ́ta òru, afẹ́fẹ́ kò ju kìlómítà 15 lọ, ṣùgbọ́n mànàmáná ń kọ lókèèrè, ó sì ń súnmọ́ tòsí. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún, òṣìṣẹ́ tí ń ṣọ́nà ya àwòrán ìjì náà bí ó ti ń bọ̀, lẹ́yìn náà ni ó lọ ti àwọn ihò iwájú ọkọ̀ pa. Nígbà tí ó fi jí ọ̀gá rẹ̀ ní aago mẹ́rin, ìdákọ̀ró ti ń wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré lẹ́yìn èyí, afẹ́fẹ́ bíi kìlómítà 130 gbá ọkọ̀ náà, ó sì dojú ẹ̀gbẹ́ dé omi kí ìṣẹ́jú àáyá 15 tó pé.

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi ru òṣìṣẹ́ náà. Àṣẹ tí wọ́n fún un ni ó ń tẹ̀ lé, ìwé inú ọkọ̀ kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé afẹ́fẹ́ bíi kìlómítà 117 láti ẹ̀gbẹ́ lè dojú ọkọ̀ náà dé nígbà tí ìgbòkun wà ní kíká. Àṣẹ gan-an ni ó yẹ kí a bi léèrè. Afẹ́fẹ́ tí ó ti dé ni ó ń wọ̀n. Kò ka mànàmáná tí ojú ń rí sí. Agbára afẹ́fẹ́ kì í sì í pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bí eré rẹ̀: bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń ti ọkọ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Láti kìlómítà 15 dé 130, agbára náà ju ìlọ́po 70 lọ. Ẹni tí ó bá dúró de ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kí ó tó jí ọ̀gá rẹ̀ ti pẹ́ jù. Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó gbọ́n, àgbọ́tẹ́lẹ̀ sì ni ìjì yìí láti ọ̀sán. Láàárín aago mẹ́ta sí aago mẹ́rin, ààyè wà láti ti gbogbo ilẹ̀kùn, láti tan ẹ̀rọ, láti jí àwọn àlejò kí wọ́n gòkè wá pẹ̀lú ẹ̀wù ìléfòó lọ́rùn.

Ilé ológiri mẹ́ta ni apá òkun tí ó ya wọ ilẹ̀. Ó ń dí afẹ́fẹ́ tí ó bá gba ìhà ògiri wá, ó sì ń ṣí sílẹ̀ fún èyí tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà. Ti ìjì àrá tún yàtọ̀: láti inú ìkùukùu ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń já bọ́ sísàlẹ̀, tí ó sì ń fọ́n ká sí ìhà gbogbo, nítorí náà kò sí òkè tí ó lè dí i. Bí ọkọ̀ bá sì yí po lójijì, ìdákọ̀ró tí ó ti rì sínú iyanrìn sí ìhà kan lè fà tu.

Ọdún méjì ṣáájú, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2022, erékùṣù Corse ti Faransé ti rí irú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ju kìlómítà 200 lọ níbòmíràn, ènìyàn 5 kú, ìjì sì gbá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó so ìdákọ̀ró sí etí ilẹ̀ lu àpáta àti iyanrìn. Ìjì ti wà lórí wọn kí ìkìlọ̀ ìjọba tó jáde.

Etíkun Bẹ̀nẹ̀ kò ní irú ibi ìsápamọ́ bẹ́ẹ̀. Gbọọrọ ni ó tẹ́. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá dúró létí òkun ní Kútọnu lálẹ́ a máa rí iná àwọn ọkọ̀ ẹrù tí ń dúró de àyè. Ewu tiwọn yàtọ̀: ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn agbébọn gun ọkọ̀ Bonita ti ilẹ̀ Norway níbẹ̀, wọ́n sì jí òṣìṣẹ́ 9 gbé lọ. Bí ewu ti yàtọ̀ tó, ìbéèrè kan náà ni: ta ni ó là lójú, kí ni wọ́n sì fún un láṣẹ láti ṣe?

Àwọn kan yóò sọ pé ìsinmi ni àwọn ènìyàn bá lọ sórí òkun, wọn kò lọ síbẹ̀ láti ṣọ́nà, àti pé ọkọ̀ kékeré tí ìdílé yá fún ọ̀sẹ̀ kan kò ní òṣìṣẹ́. Àgbà mẹ́rin lè pín òru ní wákàtí méjì méjì, kò sì ní ná wọn ní kọ́bọ̀. Ohun tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ háyà yẹ kí ó kọ́ oníbàárà kí wọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ nìyẹn, ṣáájú ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹ̀rọ amúǹkantutù. Ní báyìí, fóònù ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣọ́ ìdákọ̀ró, wọ́n a sì sùn. Fóònù náà kì í dún títí ọkọ̀ yóò fi kúrò níbi tí ó wà.