Bí Ọwọ́ Bá Ní Egbò, Kí Ó Jìnnà Sí Omi Ẹja

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ẹja ni, kì í sì í ṣe ẹja ọbẹ̀. Àpótí onígíláàsì tí ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mèremère ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ní pálọ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní táńkì ẹja, ti wọ inú ilé púpọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí ó fi ṣe ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí onílé bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, tàbí tí wọ́n rán ojú egbò fún un lọ́wọ́, ta ni yóò máa tọ́jú ẹja?

Àwọn ará ilé a máa sọ pé kí wọ́n kó ẹja náà fún ẹlòmíràn títí ara yóò fi yá. Èmi kò fara mọ́ èyí. Eegun ojúgun àgbàlagbà tí ó bá dá lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó jinná. Ẹni tí ó ti ń jáde lójoojúmọ́, tí a wá dè mọ́ àga láti àárọ̀ di alẹ́, ìbànújẹ́ kì í pẹ́ dé bá a: kò ní rí oorun sùn, oúnjẹ kò ní wù ú, yóò sì máa jágbe mọ́ ọmọ. Ó dára kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ohun ẹlẹ́mìí tí yóò máa wò. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí ní Plymouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tí ó dúró wo táńkì ńlá kan nígbà tí wọ́n ń dá ẹja padà sínú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń wò ó ni ìlù ọkàn wọn ń rọlẹ̀, ó sì ń rọlẹ̀ sí i bí ẹja ti ń pọ̀ sí i. N kò sọ pé ẹja ń wo eegun sàn o. Mo sọ pé ó ń ba aláìsàn gbé.

Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ bá wí. Òun ni yóò sọ pé, “Omi lásán mà ni,” tí yóò sì ki ọwọ́ tí ó ní egbò bọ inú táńkì láti ṣa òkúta tàbí láti nu ara gíláàsì. Ìmọ̀ràn tèmi fún àwọn ará ilé ni pé, ẹ fi ẹja sílẹ̀ fún un, kí ẹ gba omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń gbé inú omi ẹja. Mycobacterium marinum ni orúkọ rẹ̀, ìbátan kòkòrò tí ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ọ̀gbẹ́ni Joseph Aronson ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1926, lára àwọn ẹja tí ó kú ní ilé ìṣàfihàn ẹja ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1962, àwọn dókítà kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn pé ó ti mú àwọn ènìyàn láti ojú ibi tí táńkì ẹja ti bó wọn lára. Awọ ara tí ó pé kì í jẹ́ kí ó wọlé. Ojú egbò, ojú ibi tí a rán, ibi tí P.O.P. ti ha ara, àní ibi tí ẹ̀gún ẹja gún, ni ilẹ̀kùn rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń sin àrọ̀ sínú táńkì, ẹ mọ bí ẹ̀gún rẹ̀ ti rí.)

Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé kì í tètè fara hàn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni ó sábà máa ń lò, nígbà mìíràn a tó oṣù mélòó kan, nígbà tí onítọ̀hún ti gbàgbé. Káfíńtà kan wá sí díspẹ́ńsárì wa. Ayùn ti ya á ní ìka, wọ́n ti rán an, ó sì ti jinná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kókó pupa kan yọ síbẹ̀, kò dùn ún púpọ̀, ó kàn kọ̀ kò lọ. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti fi oríṣi ìpara mẹ́ta pa á, kókó mìíràn sì ti yọ sí ọrùn ọwọ́. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni èyí. Mo bi í léèrè ohun tí ó máa ń fi ọwọ́ náà ṣe bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ní òun ní ẹja nílé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi rán an sí ọ̀dọ̀ dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá, mo sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Kí ni ó dé tí mo fi fa ìlà? Kòkòrò yìí fẹ́ràn ibi tí ó tutù díẹ̀ ju inú ara wa lọ. Nǹkan bí ìwọ̀n 30 ni ó ti ń dàgbà jù, nígbà tí ti inú ara jẹ́ 37. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń gbé ọwọ́. Bí àwọn tí ń yẹ ẹran ara wò kò bá mọ̀ pé omi ẹja ni, wọn lè gbé e sí ibi tí ó gbóná jù, wọn kò sì ní rí nǹkan kan. Ìtọ́jú rẹ̀ máa ń gba oṣù mélòó kan, dókítà ni yóò sì yan oògùn. Bí a bá fi falẹ̀, ó lè wọ iṣan àti oríkèé ìka. Káfíńtà tí ìka rẹ̀ kò ká mọ́, kí ni yóò fi di òòlù mú?

Nítorí náà, títí egbò yóò fi pa dé pátápátá, kí ọwọ́ má wọ inú omi náà. Báńdéèjì kò tó láti dá omi dúró. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ó ń lo oògùn tí ń sọ agbára ara di aláìlera, kí ó máa wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ó gùn dé ìgúnpá nígbàkígbà, ìbáà má ní egbò kankan.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ńkọ́? Lítà omi kan, kílò kan ni. Táńkì tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, tí ó fẹ̀ tí ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ń gba nǹkan bí lítà 56, omi nìkan sì ti wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Kí ẹni tí ó ń fi ọ̀pá abẹ́ abíyá rìn má gbé garawa. Omi tí ó bá kán sórí táìlì lè yọ ọ̀pá náà, eegun tí ó ń so pọ̀ á sì tún dá. P.O.P. tí omi bá wọ̀ a máa rọ̀, awọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ a sì máa jẹrà.

Iṣẹ́ ẹja kò tilẹ̀ pọ̀ tó bí a ti rò. Ẹja tí ó dàgbà, tí ara rẹ̀ le, lè wà fún ọjọ́ mélòó kan láìjẹun. Àjẹjù ni ó ń ba omi jẹ́, àwọn àlejò tí ó wá kí aláìsàn sì ni ọ̀tá ẹja gan-an, nítorí olúkúlùkù ni yóò bu oúnjẹ sí i. Ẹ gbé agolo oúnjẹ náà pamọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì ti tó. Lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, kí ẹnì kan fi ife bu ìdá kan nínú márùn-ún omi náà kúrò, kí ó fi omi tí ó ti sinmi nínú garawa aláìdérí fún ọjọ́ kan dípò rẹ̀. Kí ó má fi ẹnu fa rọ́bà o! Omi tí a bù jáde ni kí ó fi fọ fóòmù inú asẹ́, nítorí oògùn inú omi ẹ̀rọ máa ń pa àwọn kòkòrò rere tí ń tún omi ṣe níbẹ̀. Kí ó yọ wáyà kúrò lára iná kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Bí iná bá lọ, ẹ máa fi ife bu omi náà, kí ẹ máa dà á padà láti òkè kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Ẹ má torí ẹja gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn fèrèsé ẹni tí kò lè sáré jáde. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tí yóò jí ẹni tí ó sùn.

Ta ni yóò wá ṣe é? Nínú ilé púpọ̀, ìyàwó ni wọ́n á dì í lé, ẹni tí ó ti ń gbọ́únjẹ, tí ó tún ń wẹ aláìsàn. Èyí kò tọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá lè ṣe é, kí bàbá jókòó lórí àga kí ó máa darí rẹ̀. Inú àwọn méjèèjì yóò dùn. Àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kí wọ́n máa wòran. Kí garawa ẹja dá yàtọ̀ sí ti ìdáná, kí a da omi rẹ̀ sí ìdí òdòdó tàbí sínú gọ́tà, kì í ṣe ibi tí a ti ń fọ abọ́, kí ọmọ náà sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá kí ó tó jẹun.