Ẹ Wọn Álífà Inú Omi Alímọ̀ṣọ́

Ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, ní Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó, kànga dẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Ẹni tí kò ní tiẹ̀ á ra kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Bí omi bá ti mọ́ gaara, tí kò rùn, a ti gbà pé ó dára nìyẹn. Èmi ò gbà, torí nǹkan lè wà nínú omi tí ojú àti imú ò lè mọ̀.

Yùréníọ̀mù, irin kan tó ń tú ìtànṣán jáde, wà nínú ilẹ̀ káàkiri, omi abẹ́ ilẹ̀ a sì máa kó díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ra. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni yùréníọ̀mù-238. Bí átọ́ọ̀mù rẹ̀ kan bá fẹ́ yí padà di tóríọ̀mù, á ju ègé kín-ín-kín kan síta, èyí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ernest Rutherford sọ ní álífà lọ́dún 1899. Rédíọ̀mù, tó ti ara yùréníọ̀mù yìí jáde, náà ń ju álífà. Awọ ara wa lè dá álífà dúró. Bébà lásán gan-an tó bẹ́ẹ̀. Inú ara ni ewu rẹ̀ wà. Egungun ni rédíọ̀mù tí a bá mu sábà ń fara pamọ́ sí, ọmọ tí egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà ló sì ń ká mi lára jù.

Álífà inú omi ṣeé wọ̀n. Ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n á se omi náà títí á fi gbẹ, wọ́n á tẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí àwo irin, torí bó bá nípọn, òun fúnra rẹ̀ á dá álífà dúró. Ẹ̀rọ á wá máa ka álífà bó ṣe ń jáde, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní bó bá kọjá 0.5 becquerel nínú lítà kan, ìyẹn álífà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì, kí wọ́n wádìí ohun tó fà á. A ò ní láti ré òkun kọjá: ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìtànṣán wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

N ò sọ pé májèlé wà nínú omi wa. Ilẹ̀ iyanrìn ni tiwa, kò rí bí ilẹ̀ àpáta Abẹ́òkúta, mo sì retí pé iye náà á kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bu omi fọ́mọ mu lẹ́tọ̀ọ́ sí iye náà gan-an. Kí LASWARCO, àjọ tó ń mójú tó omi l'Ékòó, bu omi kànga ládùúgbò kọ̀ọ̀kan lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn alábọ́dé, lédè Yorùbá. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àwọn kànga tó yí ààtàn Solous ká n'Ígàndò, torí omi ìdọ̀tí lè máa jò wọnú ilẹ̀ níbẹ̀.