Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Òwe tí wọ́n ń fi bo ìwàkiwà mọ́lẹ̀ láyé ìsinsìnyí pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò rò pé èyíkéyìí wà tí wọ́n fìyà jẹ tó "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Ọmọ tó ń fi fóònù lu àwọn Òyìnbó ní jìbìtì, òun ló máa fi dáhùn bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí Ítálì á ti sọ ọ́ kó tó di ẹrù rẹ̀. Òṣèlú tó ń ti inú ẹgbẹ́ kan bọ́ sínú òmíràn náà kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni gbogbo wọn gbọ́ nínú òwe náà. Ọjà tó gbẹ̀yìn rẹ̀ kò wọ̀ wọ́n létí.

Ẹni tó bá mọ Ọjà'ba n'Ìbàdàn á mọ ibi táwọn àgbà ti rí òwe yìí. Ẹni tó ti Bẹẹrẹ bọ̀ á gba Màpó, ẹni tó ti Ìdí-Arẹ̀rẹ̀ bọ̀ á gba ọ̀nà tirẹ̀ gòkè. Wọn ò ní pàdé lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti jọ ń ná àlùbọ́sà lọ́wọ́ ìyá kan náà. Ẹrù tí oníkálukú sì rù láti ilé, òun náà ló sọ̀ lọ́jà.

Ohun tó mú mi fa òwe yìí yọ ni ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ tó ń lọ ka ìwé òfin. Obìnrin kan ti ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé girama láti ìgbà tó ti jáde ní yunifásítì, ó wá lé ní ogójì ọdún, ó ní òun fẹ́ di lọ́yà. Ẹbí á fárígá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ á ní, "Ìyàwó, ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo o." Òótọ́ ni òwe tiwọn náà. Àmọ́ eku méjì kì í sá wọ ihò kan. Bí ọ̀kan bá yà sí ọ̀tún, òsì ni èkejì ń gbà. Ọ̀nà méjì tó wọ ọjà kan kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ wádìí ni bóyá eku ni ìyàwó ń lé, àbí ọjà ló ń lọ.

Ẹ wo Olóyè Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́, olùkọ́ tó di lọ́yà. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1932, ọmọ Jacob Odulate, bàbá tó ṣe oògùn Alábùkún. Ta ni kò mọ Alábùkún? Ìdì pẹlẹbẹ kékeré, ẹbu nínú rẹ̀, tí awakọ̀ á ya létí, tí á dà á sórí ahọ́n, tí á gbé orí sẹ́yìn, tí á wá fi omi inú ọ̀rá lé e. Ilé irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni Fọlákẹ́ ti jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìyẹn kò ràn án lọ́wọ́.

Látìn àti ìṣirò ló kà ní Newcastle, lábẹ́ Yunifásítì Durham. Ó gboyè lọ́dún 1954, ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lé e. Nígbà tó dé, ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin n'Ìbàdàn, ní St. Anne's àti ní Yejide. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kọrí sí ìmọ̀ òfin.

Àwọn kan á ní ó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti dúró níwájú kíláàsì, tó ń fi yé ọmọ pé ìlà yìí ló bí ìlà tó tẹ̀ lé e, pé a kì í fo ìpele kan nínú ìṣirò ká tó dé ìdáhùn, kí ló kù tí kò mọ̀ nípa bí a ṣe ń to ẹ̀rí síwájú adájọ́? Látìn pàápàá ṣì ń bẹ ní kóòtù dòní, lẹ́nu àwọn lọ́yà tí kò gbọ́ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ nínú rẹ̀. Ẹrù tó rù kúrò ní Yejide ló rù wọ kóòtù.

Lọ́dún 1972, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà fi í ṣe kọmíṣọ́nnà, obìnrin àkọ́kọ́ tí irú ipò bẹ́ẹ̀ máa kàn níbẹ̀. Ó tún ṣe alága àjọ tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ náà, WNTV tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1959, tí Nàìjíríà kò ní irú rẹ̀ rí ṣáájú. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó di ààrẹ Zonta lágbàáyé, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1919.

Ṣùgbọ́n ti ọdún 1981, tó gba oyè SAN, ni mo fẹ́ dúró lé. Oyè SAN (Senior Advocate of Nigeria), ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi jẹ lọ́yà; Rótìmí Williams àti Nabo Graham-Douglas ló kọ́kọ́ gbà á. Ẹni tí kò bá tíì lo ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́, kó má wulẹ̀ dá a láṣà. Bí SAN bá wọ kóòtù, ìjókòó iwájú ni tirẹ̀. Àwọn lọ́yà yòókù á wà lẹ́yìn, ẹjọ́ tirẹ̀ ni wọ́n á sì kọ́kọ́ pè. Fún ọdún mẹ́fà, ọkùnrin nìkan ló ń jókòó sórí àga yẹn. Bẹ́ẹ̀, láti 1933 ni Stella Thomas ti di lọ́yà, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ṣì wà ní ṣòkòtò pénpé. Ọdún méjìdínláàádọ́ta kọjá kí obìnrin kan, Ṣólàńkẹ́, tó jókòó síwájú. Ìyẹn ni òwe wa kò sọ: ọ̀nà lè wà, kí oníbodè má ṣí i fún gbogbo èèyàn. Ó tún di 1989 kí obìnrin kejì, Phoebe Ajayi-Obe, tó kọjá.

Bí ẹnì kan bá ní ọmọ olówó ni Ṣólàńkẹ́, mo gbà. Ọmọ àgbẹ̀ ni Afẹ́ Babalọlá l'Ádó-Èkìtì. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló lọ. Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ìlú ọba ló fi kọ́ ara rẹ̀ ní ìyókù, títí tó fi di lọ́yà lọ́dún 1963, SAN lọ́dún 1987. Òdìkejì ọ̀nà Ṣólàńkẹ́ ni òun gbà: láti kóòtù ló ti wọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń darí Yunifásítì Èkó, lọ́dún 2009 ló sì dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ l'Ádó.

Olùkọ́ tiwa tó lé ní ogójì ọdún kò ní bàbá bí Odulate, bẹ́ẹ̀ ni fífi ìwé ránṣẹ́ kò tó mọ́ báyìí: lẹ́yìn yunifásítì, ó gbọ́dọ̀ lọ jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ òfin ti ìjọba, kò sì lè máa kọ́ ọmọ lọ́wọ́ kan. Bó bá mú lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì pé kí wọ́n fún òun láàyè láti lọ kàwé, ìbéèrè tí ọ̀gá á bi í ni pé, "Ṣé o ṣì máa padà wá kọ́ ọmọ?" Ká ní kò tiẹ̀ padà ńkọ́? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wà nílẹ̀ láti 2003. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mú ọmọ tó ṣẹ̀ lọ síwájú adájọ́, ọmọ tí ẹ̀rù ti di ahọ́n rẹ̀. Ta ni ẹ fẹ́ kó bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí kì í ṣe ẹni tó ti ń mú irú ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì láti ogún ọdún?