Ẹ Má Pe Óselọ́tì ní Ẹkùn

Níbí ní Toronto, mo fún kíláàsì mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́sẹ̀ tó kọjá: kí kálukú kọ gbólóhùn mẹ́wàá nípa ẹranko kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ìyá rẹ̀ àgbà wá láti Trinidad yan óselọ́tì, ológbò inú igbó kan. Ó kọ ọ́ pé ẹkùn wà nínú igbó Trinidad. Mo fi báírò pupa fa ìlà sí i. Ó bi mí pé, "Olùkọ́, kí ni kí n wá pè é?" Mi ò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè gidi ni. Kò sí óselọ́tì nílẹ̀ Yorùbá. Láti Texas títí dé Argentina ló wà. Ó ní àmì tóótòòtó lára bí ẹkùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju kìlógírámù 16 lọ, nígbà tí akọ ẹkùn lè ju 60 lọ. Eku àti ẹyẹ ni oúnjẹ óselọ́tì. Ẹkùn ń pa àgbọ̀nrín.

Ẹlòmíràn ní ká pè é ní àmọ̀tẹ́kùn. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn àmọ̀tẹ́kùn láti ọdún 2020, tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀ṣọ́ ààbò wọn.

A ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Tí ọ̀pọ̀ wa bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, "tiger" là ń pe ẹkùn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Éṣíà ni "tiger" wà, ìlà ló sì wà lára tirẹ̀. Àwọn ará Trinidad náà ń pe óselọ́tì ní "tiger cat". Ní Texas, óselọ́tì tó kù nínú igbó kò ju nǹkan bí 100 lọ. Bí a bá wá kọ ọ́ ní Yorùbá pé ẹkùn ń tán lọ ní Texas, ta ni yóò mọ ẹranko tó ń kú lọ?

Nígbà tí àwọn baba wa rí ràkúnmí, wọn kò pè é ní ẹṣin oníké. Wọ́n yá orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ Haúsá, ó sì ti di tiwa. Kí óselọ́tì náà máa jẹ́ óselọ́tì.

Mo ti dá ààbọ̀ máàkì padà fún akẹ́kọ̀ọ́ mi, nítorí èmi ni mi ò kọ́ ọ lórúkọ náà. Ààbọ̀ tó kù, ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni. Ẹkún ló kọ, kì í ṣe ẹkùn.