Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Gbin Ìtàkùn

Bí ènìyàn bá ń gba etí títì kọjá ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn lóde òní, níbi tí àwọn tó ń ta òdòdó ń pàtẹ ọjà wọn sí, kò ní ṣàì rí ìtàkùn kan tí ewé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí orí ọfà, tí òmíràn nínú rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí òmíràn ní àbàwọ́n funfun lójú ewé, tí òmíràn sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Syngonium ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ìtàkùn olórí-ọfà ni èmi yóò máa pè é nínú ọ̀rọ̀ mi yìí. Àwọn tó ń rà á lọ sílé pọ̀, àwọn tó sì ń kó òkú rẹ̀ dà sí ààtàn lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kò kéré níye. Lójú tèmi, àìbéèrè ibi tó ti wá ló ń pa á. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ti wí i tipẹ́ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ilé ìtàkùn yìí ni igbó kìjikìji tó bẹ̀rẹ̀ láti Mexico, tó la Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà kọjá, títí tó fi dé Brazil àti Bolivia. Abẹ́ àwọn igi ńláńlá ló ń gbé, níbi tí oòrùn ń yọ́ gba àárín ewé wọlé, tí ewé jíjẹrà ti sọ ilẹ̀ di dúdú, tí ilẹ̀ náà tutù ṣùgbọ́n tí omi kì í dárogún sí. Ibẹ̀ ni yóò ti máa rá pálá títí yóò fi kan ẹsẹ̀ igi, tí yóò ta gbòǹgbò mọ́ ọn lára, tí yóò sì máa pọ́n ọn lọ sókè láti wá ìmọ́lẹ̀. Bó bá ti ń gòkè ni ìrísí rẹ̀ ń yí padà, tí ewé tó jẹ́ orí ọfà nígbà èwe yóò là sí ìka ìka, tí ìka náà sì lè tó 11 lórí ewé kan ṣoṣo. Heinrich Wilhelm Schott, ọmọ ilẹ̀ Austríà tó jẹ́ alábòójútó ọgbà ọba ní Vienna, ló fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ láàárín àwọn onímọ̀. Ìdílé kan náà ni òun àti kókò tí à ń jẹ ti wá.

Nítorí náà, ìyá àgbà tó ti gbin kókò sábẹ́ igi kòkó rí, bí kò tilẹ̀ fojú kan ìtàkùn yìí, ti mọ ìdajì ohun tó ń fẹ́. Ó mọ̀ pé ohun tó ń gbé abẹ́ ibòji kò ní ìjà pẹ̀lú oòrùn àárọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán gangan a máa jó o léwé. Ẹ̀bá fèrèsé ni kí a gbé e sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tí ìtànṣán oòrùn kò sì bà á tààrà. Ẹni tó bá tì í sí kọ̀rọ̀ pálọ̀ nítorí pé lójú tirẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ ẹ́, yóò rí i tí ọrùn rẹ̀ yóò gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ewé rẹ̀ yóò jìnnà síra, tí èyí tó ní àbàwọ́n funfun yóò sì máa padà di ewé tútù lásán.

Ti omi ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sọ ọ́ di àṣà láti máa bu omi sí i láràárọ̀, yálà iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ gbẹ tàbí kò gbẹ. Gbòǹgbò yóò jẹrà, ewé yóò pọ́n, olùtọ́jú yóò sì rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ni yóò bá tún bu omi kún omi. Ẹ ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé ìka àkọ́kọ́: bó bá gbẹ níbẹ̀, ẹ bomi rin ín títí omi yóò fi ṣàn jáde nísàlẹ̀, bó bá ṣì tutù, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ìkòkò tí kò ní ihò nídìí kò yẹ fún un rárá. Ilẹ̀dú tí a po yanrìn àti èèpo àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́ mọ́, pẹ̀lú ajílẹ̀ díẹ̀ lákòókò òjò, ti tó o. Nígbà ọyẹ́, àti nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í ti í sinmi, etí ewé rẹ̀ a máa gbẹ, nítorí pé afẹ́fẹ́ igbó tó ti wá kún fún ọ̀rinrin; kí a gbé e jìnnà sí ẹnu ẹ̀rọ náà.

Àwọn ọlọ́jà a máa wí pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ inú ilé mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní orísun: ní 1984, B. C. Wolverton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NASA fi ìtàkùn yìí àti àwọn ewéko mìíràn sínú àpótí tí wọ́n dé pa, wọ́n sì rí i pé àwọn ewéko náà dín formaldehyde, gáàsì olóró kan, kù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ènìyàn kì í ṣe àpótí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Drexel tún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ gbé yẹ̀ wò ní 2019, wọ́n rí i pé ewéko 10 títí dé 1,000 ni a ó tò sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan, kí wọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ tí atẹ́gùn tó ń wọlé tó ń jáde ń ṣe. Ẹ ṣí fèrèsé yín, kí ẹ sì ra ìtàkùn nítorí ẹwà rẹ̀; ẹwà náà tó ìdí.

Igi gánganràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí kókò tútù ti ń yún ni lọ́fun ni oje ìtàkùn yìí ń ṣe, nítorí àwọn kírísítálì calcium oxalate tó mú ṣóńṣó nínú rẹ̀. A kì í sì í sè é jẹ. Kí a gbé e ga kọjá ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ajá, ológbò àti ewúrẹ́, kí a sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá gé e. Gígé náà pọn dandan, nítorí láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Èyí tí a bá gé lábẹ́ oríkèé tí a sì fi sínú omi yóò ta gbòǹgbò láìpẹ́. Ẹ fi ta aládùúgbò lọ́rẹ, ẹ má ṣe dà á sí etí odò tàbí inú igbó. Ní Florida, ibi tó ti bọ́ kúrò nínú ọgbà bọ́ sínú igbó, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn àjèjì ewéko tó ń bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì ń gun àwọn igi onílé lórí, bẹ́ẹ̀ ooru àti òjò tiwa kò kéré sí ti ibẹ̀.

Ẹni tó bá gbé ìtàkùn olórí-ọfà wọlé ti gba iṣẹ́ bíbọ́ rẹ̀ àti kíkó o níjàánu pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá lè ru ẹrù méjèèjì, kí ó fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.