Orúkọ Sígínà Ni Ìjánu Rẹ̀

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti sígínà. Àwọn kan ń sọ pé nọ́mbà ara òpó sígínà kò já mọ́ nǹkan kan, pé iná nìkan ni kí dírẹ́bà máa wò. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sígínà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní pátákó tirẹ̀. Lẹ́tà tí ó ṣáájú ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti ń darí rẹ̀; nọ́mbà tí ó tẹ̀lé e ni a fi yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí iná pupa bá dá dírẹ́bà dúró, tí ó sì pe ẹni tí ń darí sígínà lórí tẹlifóònù, nọ́mbà yìí ni yóò dá, kí àwọn méjèèjì lè mọ̀ dájú pé ibì kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ṣùgbọ́n mímọ orúkọ nìkan kò tó. Ní Ladbroke Grove, ní Lọ́ńdọ̀nù, sígínà kan wà tí ń jẹ́ SN109. Láti 1993, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ọkọ̀ ti kọjá rẹ̀ lórí pupa. Nọ́mbà kan náà ṣáá ni! Ní ọjọ́ 5 oṣù October 1999, ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án: ọkọ̀ méjì forí sọ ara wọn, ènìyàn 31 kú, dírẹ́bà méjèèjì sì wà lára wọn. Ìwádìí Lord Cullen fi hàn pé sígínà náà ṣòro láti rí, àti pé àwọn tí ó yẹ kí ó tún un ṣe kò ṣe é.

Èrò tiwa nìyí. Bí dírẹ́bà kan bá ṣàṣìṣe, ẹ bi í. Ṣùgbọ́n bí dírẹ́bà mẹ́jọ bá ṣàṣìṣe nídìí nọ́mbà kan, sígínà ni kí ẹ bi, kí ẹ sì bi ọ̀gá tí ó ni ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, sígínà tí igi bò, tí oòrùn ń pa iná rẹ̀, tàbí tí pátákó rẹ̀ ti ṣá, ẹ kọ nọ́mbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀gá, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́n.