Ìlù tí kò lóhùn kò yẹ ọmọdé

Ní ìparí sáà tó kọjá, mo jókòó sórí àga kékeré kan ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan n'Íbàdàn, mò ń wo ọmọ-ọmọ mi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tò jáde láti wá kọrin fún àwọn òbí. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, kò sì sí èyí tó tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà nínú wọn. Ìlù aláràbarà ni wọ́n gbé kọ́rùn, ike ni gbogbo rẹ̀. Bí olùkọ́ ṣe ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan tẹ bọ́tìnnì, orin òyìnbó sì bú jáde nínú ìlù tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀ rárá. Àwọn yòókù ń lu tiwọn: pà, pà, pà, ohùn kan ṣoṣo, bí ẹni ń na ìdérí kúlà. Àwọn òbí ń ya fọ́tò. Èmi náà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí, torí mo fẹ́ràn ọmọ-ọmọ mi. Àmọ́ nígbà tí mo délé, oorun ò kùn mí bọ̀rọ̀. Kò sí onílù kan tó máa gbé irú nǹkan yẹn lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Kí ló wá dé tí a fi rò pé ó tó fún ọmọ tí etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là?

Iṣẹ́ ńlá wà lọ́wọ́ etí ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá. Ó ní láti mọ̀ pé igbá tí ìyá fi ń bu omi kì í ṣe igba náírà, àti pé igba náírà kì í ṣe ìgbà òjò. Ohùn nìkan ló ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ohùn yìí kan náà ni dùndún gbá mú tó fi ń sọ̀rọ̀: bí onílù bá fún ọṣán mọ́ abẹ́ abíyá, awọ á le, ohùn á gòkè, bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ èyí, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ti rí èdè rẹ̀ lójúkojú. Èyí tó ń lu ike kò rí nǹkan kan, ariwo ló gbọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn tó nílé ìwé máa sọ. Wọ́n á ní owó ni. Ike mẹ́rìndínlógún rọrùn láti rà lọ́jà, kálukú ọmọ á ní tirẹ̀, kò ní sí ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo àpótí tí wọ́n ń kó o sí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìdajì ti là, bátìrì ti kú nínú àwọn tó kù, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ á sì tún dáwó. Ohun èlò mẹ́fà tó dáa ni mo fara mọ́ fún ọmọ mẹ́rìndínlógún. Kí mẹ́fà lù, kí àwọn tó kù jó, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí wọ́n gbọ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbà á ṣe. Nínú agbo ilé àwọn àyàn, ọmọ kì í ti orí ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbà ló máa ń jókòó sí fún ìgbà pípẹ́, tí á máa tẹ́tí. Gbígbọ́ náà wà lára iṣẹ́ ọ̀hún.

Bí wọ́n bá bi mí, sẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà. Ọmọ ọdún méjì pàápàá lè mì í, ohùn rẹ̀ kì í ṣeni létí, kò sì sí bó ṣe lù ú tó máa ṣì í. Ṣùgbọ́n sẹ̀kẹ̀rẹ̀ ju sẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ. Kí akèrègbè rẹ̀ má tóbi ju àgbọn lọ, kí ọmọ lè fi ọwọ́ kan di ọrùn rẹ̀ mú, kó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kejì gbá ìdí rẹ̀. Ẹ fi eegun ìka kan ara igbá náà kí ẹ tó sanwó: èyí tó dá ṣáṣá á dún, ohùn èyí tó ti sán á há. Ẹ wo àwọ̀n rẹ̀. Bí àwọ̀n bá fún jù, ìlẹ̀kẹ̀ ò ní rìn. Bó bá dẹ̀ jù, ìlẹ̀kẹ̀ á máa dé lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kọjá, ọmọ ò sì ní mọ ìgbà tí òun lù ú. Kí ẹ wá fa òwú náà tagbáratagbára, nítorí ibi tó bá ti já nìkan ni ìlẹ̀kẹ̀ ti ń já bọ́. Nǹkan tiwa nìyí, tí àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé sọdá òkun tí orúkọ rẹ̀ ò sì sọ nù: chekeré ni wọ́n ń pè é ní Kúbà, xequerê ni ní Brazil. Ó dùn mí pé ọmọ Ìbàdàn lè parí jẹ́lé-ó-sinmi láì fọwọ́ kàn án.

Agogo kan ṣoṣo tó fún kíláàsì, nítorí nínú yàrá tí àjà rẹ̀ kò ga, agogo mẹ́ta á di etí gbogbo wọn. Ẹ fi ìka yí etí irin náà po, kó má mú. Ní ti ìlù, ẹ wá èyí tí wọ́n lè gbé kalẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ lù, àkúbà kékeré ni mò ń sọ, tí ojú rẹ̀ gba ọwọ́ méjèèjì. Ẹ lù ú láàárín, kí ẹ tún lù ú létí. Bí ohùn méjèèjì ò bá yàtọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Gángan ní tirẹ̀, tó bá ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, kí ọmọ máa dì í mú, kó máa fún un wò. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tàbí onílù gidi tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ máa lù ú fún wọn láti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ewu ń bẹ tí mi ò lè gbójú fò. Lọ́dún tó kọjá, èmi gan-an ra ike kan tí wọ́n máa ń mì kó dún fún ọmọ-ọmọ mi yìí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi là, ìyá ọmọ ló fi ìka yọ hóró inú ike náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí nǹkan ìṣeré ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 ní ohunkóhun lára tó lè wọ inú ihò tó fẹ̀ ní mìlímítà 31.7 tán. Páálí tó wà láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ń fi wọ̀n ọ́n nílé. Ti bátìrì pẹlẹbẹ tó rí bíi kọ́bọ̀ tún burú jù: bí ọmọ bá gbé e mì tó há sí ọ̀nà ọ̀fun, láàárín wákàtí 2 ó lè jó ibẹ̀. Ọ̀dà náà ń kọ́? Òjé tó wà nínú ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú ń wọ ọpọlọ ọmọdé, kì í sì í tètè fara hàn. Láti inú erùpẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ni òjé tó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Zamfara lọ́dún 2010 ti wá, òjé kan náà sì ni. Igi tí wọn ò kun rárá, tí wọ́n kàn fá dán, tẹ́ mi lọ́rùn ju aláràbarà tí n kò mọ ohun tí wọ́n fi kùn ún.

Mi ò ní kí a kẹ̀yìn sí ohun èlò òkèèrè. Carl Orff, ará Jámánì tí òun àti Dorothee Günther dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Munich lọ́dún 1924, ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn gidigidi. Sáílófóònù tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣeé tú: olùkọ́ á yọ pátákó díẹ̀ kúrò, á ku ohùn márùn-ún péré, èyíkéyìí tí ọmọ bá sì lù nínú wọn á bá èkejì mu. Ọ̀pọ̀ orin ọmọdé wa, ohùn márùn-ún náà ló wà níbẹ̀. Owó rẹ̀ ga lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti rí àfarawé rẹ̀ lọ́jà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ òṣùmàrè tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ pátápátá tí ohùn kan nínú rẹ̀ ò sì bá èkejì tan. Tí agbára ò bá gbé ti tòótọ́, kí wọ́n fi sílẹ̀.

Awọ àti igbá ń fẹ́ ìtọ́jú. Lásìkò òjò, awọ á rọ, ẹ sá a sí oòrùn díẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má fi igbá sẹ́nu fèrèsé, yóò sán. Kí ẹ fi ìlù kọ́ sára ògiri, torí eku fẹ́ràn awọ ewúrẹ́ bí ẹní fẹ́ràn ẹran.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo lọ sí Ọ̀yọ́ lọ bá ọkùnrin kan tó ń ṣe ìlù. Mo ní kó bá mi ṣe gángan méjì tí ọmọdé lè lò, mo sì béèrè iye tó máa gbà. Kò dá mi lóhùn lórí owó. Ó gbé kànnàngó kan tí kò tíì fi ọṣán sí lọ́wọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní: "Màmá, mi ò lè fojú díwọ̀n èyí. Ẹ mú ọmọ náà wá, ẹ jẹ́ kí n wo abíyá rẹ̀." Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti ọmọ-ọmọ mi la jọ ń lọ.